Orúnkún Mi Ò Mọ Améríkà

Màmá mi àtàtà, aláṣọ ọjà Odò-Ọrì,

Inú ń bí mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín, kí n bèèrè bóyá ibi tí ẹ wà tù yín lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tú èyí jáde ná.

Ẹ rántí iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbà ní Táílándì, tí ẹ fi omijé sìn mí dé gáréèjì? Kíláàsì ò burú rárá. Àwọn ọmọ fẹ́ràn mi, ata wọn sì ń ta bíi tilé. Ọ̀gá ilé ìwé ni mi ò lè gbé mì. Obìnrin náà ti sọ fáwọn òbí pé ará Améríkà ni mí, torí wọn ò ní fẹ́ tíṣà tó ti Áfíríkà wá. Háà! Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọn, ṣé kì í ṣe Ìwó ni mo ti kọ́ ọ? Ó ní bí wọ́n bá bi mí, kí n ní Améríkà ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ẹ̀yin tí ẹ dé Èkó lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ bú ìlú náà títí ọdún fi yípo! Wọ́n wá sọ yín di òyìnbó nínú sàréè.

Mo dákẹ́, torí ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àfìgbà tí ìpàdé àwọn òbí dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà, mò ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ bó ṣe kọ́ mi, ni ìyá àgbà ọmọ kan bá wọlé, wọ́n ń tẹ ọ̀pá. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ tì mí lẹ́yìn orúnkún nísọ̀ yín, bí àgbà bá ń kọjá tí mo dúró bí ọ̀dẹ̀? Màmá, kò sẹ́ni tó tì mí lọ́jọ́ yẹn o. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀, mo sì ti kí wọn káàbọ̀ ní Yorùbá!

Arúgbó náà gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí ọmọ ọmọ wọn bi mí ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá mi ni, ní Ìwó. Kí ni kí n sọ? Améríkà wo ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà?

Ọ̀gá fárígá. Ó ti tún pe àwọn òbí fún ọ̀la. Ó ní kí n dúró níwájú wọn, kí n ní àwàdà ni mo fi Ìwó ṣe, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ìranù! Kí n wá sẹ́ yín lójú ayé, ẹ̀yin tí wọ́n sin nígbà tí mo wà níhìn-ín? Ó dùn mí dọ́kàn pé mi ò rí yín sin. Ṣé ẹ retí mi?

Mo ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Odíderẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, àdúrà yín nìyẹn. Lọ́la, màá wá arúgbó yẹn rí láàárín wọn, màá kúnlẹ̀, màá sì dárúkọ yín sókè. Bí wọ́n bá lé mi, ẹ̀gbẹ́ sàréè yín ni màá ti tún kúnlẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá wá bà mí, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ tì mí lẹ́yìn orúnkún.

Èmi ọmọ yín, tí ò lè ní ìyá méjì.