Omi Wúrà Tó Di Búlúù

Fegge, Onitsha, 1974

Ẹ̀bùn, aya mi,

Ara mi le. Wọ́n ti kan òrùlé tuntun sí iléèwé tí ogun bà jẹ́.

Mo po wúrà tó kúnná ju eruku lọ mọ́ omi sínú àwọn ìgò láti fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, ó pọ́n rẹ́rẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti di búlúù. Iyọ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìgò tí mo fi gọ́ọ̀mù sí nìkan ni kò yí padà, torí gọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kí iyọ̀ ràn án.

Obiora, òṣìṣẹ́ iléèwé tí a jọ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, ni mo fura sí pé ó bu iyọ̀ sí i. Ojú tó fi ń wo àwọn ìgò náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó búra pé, "Tíṣà, I no touch am," pé òun ò fọwọ́ kàn án. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Lánàá ni mo tọ́ omi kànga tí mo fi po wúrà náà wò. Ó níyọ̀.

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Má dààmú, mò ń jẹun dáadáa. Bá mi kí Màmá àtàwọn ọmọ.

Èmi ni, ọkọ rẹ,
Abíọ́nà