Ife Omi tí Mo Fi Ọwọ́ Òsì Nà sí Àgbà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú oko, ẹ kú oòrùn ìgbà yìí. Mo kí màmá mi, mo kí Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Mo kí ìyá àgbà, tí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn yóò ní kí wọ́n tún un kà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ náà gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbà. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Délé tó ń ra kòkó wá sí Agége, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti jíṣẹ́ yín fún mi, àwọn ará ìlú wa sì ń gbọ́. Wọ́n ní ẹ ti gbọ́ pé mo ń na ọwọ́ òsì sí Bàbá Ọlá, pé n kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹ ní kí n má wá sílé fún ọdún títí n óò fi rántí ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ní gbangba ni iṣẹ́ náà ti bá mi, mo wá rò pé ní gbangba ló yẹ kí n ti dáhùn. Mo tún rò pé àwọn ọ̀dọ́ bíi tèmi tó ń gbé irin kí ara wọn lè le lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí èrò yìí náà má tọ̀nà. Mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo ti ya á, mo tún ti kọ ọ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè mọ̀, Bàbá Ọlá jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré. Ilé wọn ní Ìfàkò ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti wọ ọdún kìn-ín-ní nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìkẹjà. Bàbá, ẹ sọ fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ pé fèrè iléeṣẹ́ ni yóò máa jí mi. Fèrè ọ̀hún kì í dún mọ́. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Sáàpù yìí, ètò tí ìjọba ní àwọn fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe, ti dé, wọ́n ti ti iléeṣẹ́ tí Bàbá Ọlá ti ń hun aṣọ. Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin àgbà máa ń jókòó síwájú ilé bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Ní kíláàsì wa, a pọ̀ débi pé ojú fèrèsé ni àwọn kan ń dúró sí. N kò rò pé olùkọ́ kankan mọ orúkọ mi. Bí mo bá la ẹnu, àwọn ọmọ Èkó á máa fi ohùn mi ṣẹ̀fẹ̀, ni mo bá ń pa á mọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo sọ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ju kí n ní kí wọ́n gé búrẹ́dì fún mi lọ.

Ibi kan wà ní Ọgbà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé irin. Irin abẹ́ mọ́tò ni ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n da sìmẹ́ǹtì sínú agolo, wọ́n sì fi í há a ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ènìyàn bá ń gbé e, àwọn yòókù á máa ka iye rẹ̀ lóhùn rara. Nítorí pé mo wá láti Èkìtì, wọ́n sọ mí ní Oníyán. Bí apá mi bá ń gbọ̀n, wọ́n á ní kí Oníyán rántí pé irin ló gbé yẹn, kì í ṣe ọmọ odó. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o, Bàbá. Nítorí kíkà yẹn ni mo ṣe ń lọ. Ibẹ̀ nìkan ni ẹnìkan ti ń dúró dè mí kí n parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀.

N kì í sì í fẹ́ kí kíkà náà tètè dúró. Mo ń fi agolo kún agolo kí ara tó mọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti dé, n kì í na ara, ìdí irin ni mo ń lọ tààrà. Mo tún ń gbé e láti ẹ̀yìn ọrùn lọ sókè, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo rí àwọn àgbà ibẹ̀ tí wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, nǹkan gún mi níwájú èjìká ọ̀tún bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ìrora ni ọ̀nà tí agbára ń gbà wọlé. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo tún un gbé. Kò pẹ́ tí n kò lè na ọwọ́ dé orí okùn tí a ń sá aṣọ sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn.

Àsìkò yẹn ni Bàbá Ọlá ní kí n bu omi wá. Ife náà kún. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbé e, ṣùgbọ́n èjìká gún mi. Mo yára gbà á sí òsì kó má baà dà, mo sì ti nà án sí wọn kí n tó ronú. Wọn kò gbà á. Wọ́n wo ife, wọ́n wò mí.

"Ìwọ náà ń na òsì sí mi, Ayọ̀?"

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ. Nígbà náà, n kò tíì mọ ẹlòmíràn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn rí.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ kí wọn láàárọ̀, n kò lè fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀. Mo ń tẹ̀ díẹ̀, mo ń dìde, ó ń rí bí ìkíni ẹni tó ń kánjú. N kò sì lè ṣàlàyé, nítorí Bàbá Ọlá ti sọ nígbà kan pé àwọn ọmọ ìta tí ṣọ́jà ń lé kiri ló ń gbé irin. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, ohun tí wọn yóò rò nípa mi á tún burú sí i. Bí èmi, àwọn àti Ìyá Ọlá, ìyàwó wọn, bá ń jẹun, ìró ṣíbí nìkan là ń gbọ́.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ yín dé ni mo tó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Obìnrin kan tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé na káàdì sí mi, òsì ni mo fi gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jókòó, pé gbogbo ẹni tí èjìká ọ̀tún bá ń dùn ló máa ń dà bí ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé. Bàbá, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Wọ́n gbé apá mi sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ojú mi. Nígbà tí mo sọ ti irin fún wọn, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ gbé Ìkẹjà kúrò níbi tó wà ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé pé iṣan tín-ín-rín tó di egungun apá mú sínú oríkèé èjìká ló wú, tí egungun sì ń fún un mọ́lẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá gbé apá sókè. Kò tíì já, ṣùgbọ́n bí n kò bá jáwọ́, ó lè já.

Wọ́n ní kí n fi gbígbé irin sókè orí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má fi ọ̀já gbé apá náà kọ́rùn, torí èjìká tí kò bá rìn yóò gan. Bó bá ń dùn, kí n wé omi dídì mọ́ aṣọ, kí n gbé e lé e. Kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fà á. Láàárọ̀, mo ń tẹ̀ síwájú, n óò fi òsì di tábìlì mú, n óò jẹ́ kí ọ̀tún rọ̀ wálẹ̀ bí okùn kànga, n óò wá máa fì í yí po jẹ́jẹ́. Nígbà tí ìrora dínkù, mo so rọ́bà inú táyà mọ́ irin fèrèsé, mo lẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, mo sì ń fa rọ́bà náà síta pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó ń kà á fún mi. Èmi fúnra mi ni mò ń kà á, ní ohùn tí Bàbá Ọlá kò ní gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ara gbóná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ pẹ́ nídìí èyí tí ẹ lè gbé láìgbọ̀n kí ẹ tó fi kún un. Ẹ má gbé e láti ẹ̀yìn ọrùn. Bí ẹ bá ń tì í, ẹ máa fà á náà, kí iṣan ẹ̀yìn lè lágbára bíi ti àyà, kí ẹ sì jẹ́ kí èjìká sinmi. Iṣan tó bá ṣiṣẹ́ lè ro ènìyàn, ìyẹn kò burú. Èyí tó bá gún yín bí abẹ́rẹ́, ẹ gbé irin sílẹ̀. Bí apá kò bá gbé mọ́, tàbí tí ìka ń kú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá fẹjọ́ yín sùn nílé.

Níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà ni Ìyá Ọlá ti sọ fún mi nípa ọjọ́ tí iléeṣẹ́ dá Bàbá Ọlá dúró. Wọ́n ní ọ̀gá kékeré kan, tí Bàbá Ọlá lè bí lọ́mọ, ń fi ọwọ́ ọ̀tún di tẹlifóònù mú. Òsì ló fi na ìwé ìdádúró sí wọn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní Bàbá Ọlá kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó lọ. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ni wọ́n ń sọ.

Sátidé ìmọ́tótó ló tẹ̀ lé e. Ẹ mọ̀ pé ìjọba ológun kì í gbà kí ẹnikẹ́ni rìn kiri láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti Bàbá Ọlá kò sì ríbi sá sí. Gọ́tà iwájú ilé là ń kó. Òsì ni mo fi gbé ṣọ́bìrì, ẹrọ̀fọ̀ ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Bàbá Ọlá dúró, wọ́n wò mí títí.

"Kí ló ṣe apá yẹn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí agolo sìmẹ́ǹtì dé orí ife omi. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ náà bí mo ti lè ṣe é, ọwọ́ òsì ní ilẹ̀, apá ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Wọ́n gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, wọ́n kó gọ́tà náà tán. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo jáde láti fa omi kànga tó jẹ́ iṣẹ́ mi, mo bá gbogbo garawa ní kíkún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọlá. Wọ́n ní àwọn kọ́.

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé omi fún Bàbá Ọlá báyìí. Ọ̀tún ló ń di ife mú, òsì ló ń gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ró. Wọ́n ń gbà á. A kò tíì máa sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bàbá mi, ọdún ń bọ̀, àwọn tó wà nínú ilé yìí ti ń di ẹrù. Bí ẹ bá ní kí n wá, apá mi lè má tíì san tán. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, gbogbo ara mi ni yóò kan ilẹ̀, apá kan péré ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi èyí tí kò kan ilẹ̀ wọn gbogbo èyí tó kàn án.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí iṣu yín ta, kí ẹsẹ̀ màmá mi má ṣe dùn wọ́n mọ́, kí ìyá àgbà rí ọdún yìí àti èyí tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àti ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí fún yín.

Èmi ni ọmọ yín, tó ń retí kí ẹ ní kó máa bọ̀,

Ayọ̀délé