Odò Tó Wà Nínú Ìwé Rẹ

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi ránṣẹ́ bá mi lára mu. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Oyèwálé ọlọ́kadà á fi fóònù yà á ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ́dára ni. Láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ tó bí i, ìwé tí o kọ ló ń kà ṣáá, níbi tí ọmọdébìnrin kan ti gba inú odò Ọ̀tìn wọ ìlú onídán, tó sì bá ìyá rẹ̀ olóògbé láàyè níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Oyèwálé fà á jáde nínú odò náà. Omi ti dé ọrùn rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin ò kàwé," ló wí fún mi. "Àǹtí Moyọ̀ kọ ọ̀nà ibẹ̀ síwèé."

Mo kà dé pírámárì mẹ́ta, èmi ni mo sì wẹ òkú ìyá rẹ̀.

Àwa a máa pe ààlọ́, ọmọ a dáhùn, a sì mọ̀ pé àròsọ ni. Ìwọ ò pe nǹkan kan. Bí ẹni júwe ọ̀nà ọjà lo ṣe kọ ọ́. Pe ọmọ náà, sọ fún un pé kò sí ìlú kankan nísàlẹ̀ odò. Yóò dùn ọ́. Sọ ọ́.

Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ rẹ fún ọ. Má falẹ̀. Mo gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, mò ń ṣọ́ Ọmọ́dára, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni mí, oorun á gbé mi.

Ìyá rẹ, Àbẹ̀kẹ́