Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Rẹ Ti Padà

Yopougon, lẹ́bàá Siporex,
Sátidé, oṣù kẹta ọdún 2007

Sàlíhù Àyìndé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Dakar níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oúnjẹ wọn ń bá ọ lára mu? Ẹni tó bá rí ọ níbẹ̀ á ṣe ọ́ lóore, iná mànàmáná tí o ń fà sílé onílé kò ní gbé ọ, wàá fa tìrẹ náà sínú ilé tí o bá fi owó ara rẹ kọ́, èmi á sì tan án. Àmín. Àwa náà wà dáadáa. Àbdùlláhì ọmọ rẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti sanra débi pé tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán láàárọ̀, ọwọ́ á máa ro mí títí oòrùn á fi mú. Ìyàwó rẹ Mubeenah ní kí n kí ọ. Ìkíni rẹ̀ gùn díẹ̀, màá kọ èyí tó bá ṣeé kọ nínú rẹ̀ tó bá yá.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí màmá kò fi pè mí lórí fóònù. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo ti sọ fún ọ tipẹ́ pé fóònù yẹn kò ní sùúrù. Ìkíni ni mo ṣì ń kí ọ lọ́wọ́ níjelòó, n kò tíì kí ọ dé orí iṣẹ́, ni ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, Mubeenah ní owó inú rẹ̀ ló tán. Mo ní báwo lowó ṣe máa tán nígbà tí n kò tíì ra nǹkan kan. Bébà ni mo mọ̀, bébà kì í gé ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, ìdí nìyí tí mo fi jókòó fi ìwọ̀nba ìwé tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Ìlùjù kọ èyí, ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Dakar ló máa mú un wá fún ọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ ni. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé e lọ.

Màá sọ òótọ́ fún ọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti wá wẹ ọmọ, tí mo rí ọkọ̀ pupa náà lábẹ́ tàpólì, n kò rí ohun tí o rí lára rẹ̀. Ọkọ̀ tí ewúrẹ́ ga jù lọ. Mubeenah ní gbogbo ohun tí o kó jọ lo kó fún òyìnbó tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, pé ọkọ̀ eré ìje ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni sáré, bó bá rìn lọ́jọ́ Àìkú kan á ṣàìsàn fún oṣù méjì. Ó ní aṣọ tí o fi ń nù ún mọ́ ju ìborùn òun lọ. Èmi náà sì bá a bú ọkọ̀ náà díẹ̀, kí o má bínú. Ṣùgbọ́n mo rí ọ lọ́jọ́ tí o ń lọ. O kí gbogbo wa tán, o wá yípo lọ sẹ́yìn ilé, o gbé ọwọ́ lé tàpólì yẹn, o ní, Màámi, ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Mo sì ní mo gbọ́.

Ó wá di Mọ́ńdè, onílé yín wá. Mesié ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Taïrou aránṣọ, ọmọ Pọ́bẹ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiyín, ló ń bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mesié ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí ọkọ̀ rẹ wà, pé ọkọ̀ tó ń rìn ló ní àyè nínú àgbàlá òun, èyí tó ti kú, irin lásán ni, àwọn tó ń ra irin máa wá gbé e. Mo ní kò kú, ó ń sùn ni. Ó ní oorun wo ló ń sùn láti ọjọ́ Kérésì. Mo ní àwọn kan wà tí oorun wọn máa ń wúwo.

Mo rò pé ẹnu lásán ni. Àfi bó ṣe di Àlàrùbá, Mubeenah ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mò ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, ni Mesié wọlé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì tó ń ti ọmọlanke. Wọ́n ká tàpólì kúrò, ọ̀kan ń fi òòlù kan ara ọkọ̀ rẹ gbì gbì. Inú bí mi. Mo gbé ìrẹsì sílẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ní ọkọ̀ ọmọ mi ti kú kó wá wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó wo bó ṣe tóbi tó, kí ojú tì í. Mo kúkú mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì máa ń wà. Àbúrò bàbá rẹ wa ọkọ̀ àjàgbé títí irun rẹ̀ fi funfun, iwájú ni orí rẹ̀ máa ń wà nínú ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo gbá ìdérí iwájú ọkọ̀ rẹ mú, Taïrou bá mi fà á, ó ṣí. Àyìndé, òfìfo ni. Táyà kan, àkísà kan, ìgò omi kan, ó parí. Wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì ọmọ mi, wọ́n sì fi táyà rọ́pò rẹ̀ kí n má baà fura.

Mo ké. Irú igbe yẹn, n kò ké e láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú. Henriette tó ń ta atiéké, oúnjẹ gbáàgúdá wọn níbí, lẹ́nu géètì sáré wọlé tòun ti síbí lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́mọlanke yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì kò tó iye tí àwọn bá Mesié sọ, wọ́n ti ọmọlanke wọn, wọ́n lọ. Mo wá kọjú sí Mesié. Mo ní inú àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n ti jí i, géètì rẹ̀ ló gbà jáde, kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà òun ló máa wá a jáde. Taïrou túmọ̀ rẹ̀, ó sì jọ pé ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, nítorí òógùn bo Mesié. Ó ń búra pé òun kọ́. A wá fẹnu kò níwájú gbogbo ará ilé: títí di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bí ẹ́ńjìnnì bá padà, tí ọkọ̀ náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì, tó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, àyè rẹ̀ di tirẹ̀ títí wàá fi dé. Bí kò bá rìn, kí Mesié tà á.

Nígbà tí Mubeenah dé, mo ṣàlàyé fún un. Ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan. Ó wo ojú mi, ó wo Mesié tó jókòó sórí àga Henriette tó ń mu omi tútù, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ní kí ni mo wá fẹ́ ṣe. Mo ní màá kéde bí a ṣe ń kéde nílé. Ó ní kí n kéde o, kí n kéde rẹ̀ dáadáa. Ó wá wọ yàrá lọ, mo yọjú, mo rí i tó fi ìrọ̀rí bo ojú, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹkún ni. N kò mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ Àlàmísì, mo wé gèlè, mo mú àwo irin àti síbí, mo ń lù ú, mo yí àgbàlá ká, mo jáde sí títì, mo dé ibi tí àwọn gbaka, bọ́ọ̀sì kéékèèké wọn, ti ń kó èrò ní Siporex, Taïrou ń tẹ̀ lé mi, ó ń fi Faransé sọ ohun tí mo bá sọ. Mo ní èmi Kúlísúmù, ìyá Sàlíhù, àlejò ni mí, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kó dá a padà, n kò ní wo ojú rẹ̀, n kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán tí n kò rí i, màá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, màá di ọmú tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́fà mú, màá sọ ohun tí ẹnu mi kò ní lè kó padà. Henriette ní níbi tí wọ́n ti bí òun náà, ìyá àgbàlagbà kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fi ṣeré, ó sì ń tún un sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra atiéké.

Ọmọ mi, kó tó di ìrọ̀lẹ́ nǹkan ti ń padà. Ìkòkò ńlá Henriette tó sọnù láti ọdún tó kọjá, a bá a lẹ́nu géètì. Áyọ́ọ̀nù Taïrou padà. Àwọn àga padà sí máákì tó wà ní ìkóríta, níbi tí wọ́n ti ń mutí. Rédíò kan padà tí a kò mọ ẹni tó ni ín, àti adìẹ kan tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀, àti bàtà ẹsẹ̀ òsì. Mesié fúnra rẹ̀ gbé àkàbà Taïrou wá, ó ní òun ti gbàgbé pé òun yá a. Àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí ń wá kúnlẹ̀ kí mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ nìkan ló kù, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Mubeenah ní kí Gafarou wá, mẹkáníìkì tó máa ń bá ọ tún un ṣe. Ó dé, kò tilẹ̀ wo iwájú, ẹ̀yìn ló lọ tààrà, ó ṣí i. Ẹ́ńjìnnì rèé, ó jókòó síbẹ̀ tòun ti eruku. Mo wólẹ̀, mo fi orí kan ilẹ̀. Ẹni tó jí i ti dá a padà. Ìbẹ̀rù ló mú un, ó ń kánjú, kò ráyè rántí ibi tó ti yọ ọ́, ó kàn kì í bọ búùtù, ó sá lọ. Gafarou ní, Màmá, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ yìí máa ń wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Mo wò ó. Mo mọ̀ pé ó mọ olè náà, ó ń bò ó láṣìírí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí pé n kò ní béèrè orúkọ. Mo kàn ní kó gbé e padà síwájú. Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó ní kò sáyè mọ́ kí wọ́n tó kírun, pé kó ṣì ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn báyìí ná. Tí o bá dé, kí ẹ gbé e síbi tó yẹ ẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn o. Eku ti jẹ wáyà, bátìrì ti kú, epo inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Rọ́bà gbọọrọ kan wà tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ó ti já, Gafarou ní wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi láyé. Henriette lọ bọ́ ti ẹ̀rọ tó fi ń lọ gbáàgúdá, ó ní kí wọ́n gbé e dán wò, ó sì bá a mu. Nígbà tí wọ́n wá ní kó dún, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Àwọn èèyàn ti ń ti ìrun dé, Mesié ti dúró sẹ́nu géètì, ó ń wo aago. Gafarou ní a gbọ́dọ̀ tì í. Mesié ní títì kì í ṣe rírìn. Mo ní obìnrin tó ń rọbí pàápàá, wọ́n máa ń dì í lẹ́yìn mú, kò sí ẹni tó máa sọ pé òun kọ́ ló bí ọmọ. Àwọn obìnrin àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, Mesié ní kí a tì í.

Ṣùgbọ́n ta ló máa wà á? Gafarou ní òun gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn kí òun máa di wáyà kan mú. Ni Mubeenah bá gbé ọmọ fún mi, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wọlé sídìí sitẹ́rìn. Mo ní ṣé ó mọ̀ ọ́n wà ni. Ó ní bàbá òun wa taksí ní Adjamé títí ó fi kú, òun ló kọ́ òun, òun ti ní ìwé ìwakọ̀ kí òun tó mọ̀ ọ́. Ó ní o kò bi òun rí. Ó ní òun ló ń gbé omi tí o fi ń fọ̀ ọ́, o kò sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí òun jókòó síbẹ̀ kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún. Ìkíni tí mo ní ó gùn nìyẹn, mo sì ti yọ àwọn ibi kan kúrò.

A tì í, Sàlíhù. Gbogbo ilé ló tì í, Mesié pàápàá fi ọwọ́ kan kún un. Ó sì dún. Ó bú ramúramù, àwọn adìẹ fò sórí páànù, ọmọ ọwọ́ mi kò sunkún, ẹ̀rín ló ń rín, mo wá mọ̀ dájú pé ọmọ rẹ ni. Mubeenah gbé e jáde ní géètì, ó dúró, Gafarou so wáyà rẹ̀ mọ́ra, ó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, Mubeenah ní, Màmá, ẹ wọlé. Mo fi ọmọ fún Henriette, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé bí ẹni ń wọ ilé adìẹ. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí ìjókòó kankan lẹ́yìn, méjì péré ni wọ́n ṣe sí i. Ọ̀já kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń de èèyàn mọ́ àga, mo fẹ́ràn ìyẹn, ẹni tó ṣe é ní ìyá. Ilẹ̀ sún mọ́ wa débi pé n kò rí ojú ẹnikẹ́ni, orúnkún ni mò ń rí, mo sì ń kí gbogbo wọn bí a ṣe ń kọjá. A gba Siporex, a yà sọ́nà Zone industrielle, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ ńlá, níbi tí títì ti gbòòrò, Mubeenah bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, ó tán, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Gbaka tó máa ń lé gbogbo èèyàn kúrò lọ́nà, àwa la kọjá rẹ̀, ẹni tó ń pe èrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ṣí fìlà fún wa. Mo wo ìyàwó rẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀, mo ní kí ló dé, ó ní atẹ́gùn ni. Mo wá mọ ohun tí o rí lára ọkọ̀ yìí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí a padà, Mesié fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì méjèèjì. Ó ní àyè náà ti di ti ọkọ̀. Ó wá fa Taïrou sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó bi mí bóyá mo lè bá òun kéde ajá òun tó sọnù.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe tèmi, ti ọkọ̀ ni, epo tó ń mu kò ṣeé fẹnu sọ. Ra rọ́bà mìíràn fún Henriette, nítorí tirẹ̀ ṣì wà lára ọkọ̀, nígbà tí a sì tún jáde láàárọ̀ yìí, ó fojú sìn wá títí a fi yà. Ra bátìrì tó lágbára. Tí wọ́n bá ń ta awò ojú dúdú ní Dakar, mú méjì bọ̀, nítorí atẹ́gùn.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, òógùn rẹ kò ní jẹ́ ti ẹlòmíràn, wàá bá wa láyọ̀, a ó bá ọ láyọ̀. Mubeenah ní a máa wá pàdé rẹ lọ́jọ́ tí o bá dé. Ibi tí ọkọ̀ Dakar bá já ọ sí ni kí o dúró, wàá gbọ́ wa kí o tó rí wa. Òun ló máa wà á nítorí ó mọ̀ ọ́n wà, èmi ló máa jókòó tì í nítorí ìyá rẹ ni mí. Àwọn gbaka pọ̀ níbẹ̀, wọn á gba ìwọ àti ẹrù rẹ, wọ ọ̀kan kí o ní kó máa tẹ̀ lé wa. Màá sọ fún Mubeenah kó má sáré jù, kí o lè máa rí ẹ̀yìn ọkọ̀ wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúlísúmù