Wáyà Ilẹ̀ Tí N Kò So

Bàámi àtàtà,

Ẹ̀rọ yín ti ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí n fi ayọ̀ sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ayọ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹ rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Okere, ẹ̀rọ tí yóò máa fín orúkọ sára pákó. Eyín lẹ fi ń bó wáyà, Màámi á sì máa ráhùn. Ẹ ṣàlàyé fún mi pé páwà, àpótí onírin tó ń sọ iná ilé di iná kékeré fún àwọn mọ́tò rẹ̀, kò gbọdọ̀ wà láìní wáyà ilẹ̀. Bí iná bá ṣìnà sára irin, wáyà yẹn ni yóò gbé e wọlẹ̀, kó má bàa gba ara èèyàn kọjá. Ẹ ní ẹ̀tàn ni ihò kẹta tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tiẹ̀ ra ọ̀pá bàbà tí ẹ fẹ́ rì sẹ́yìn kíṣìnì, kí ẹ lè so wáyà ilẹ̀ náà mọ́ ọn, kí àìsàn tó dá yín dúró. Yorùbá lẹ ń sọ, Pidgin ni mo fi ń dá yín lóhùn: "Daddy, I don hear." Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́.

Lẹ́yìn tí a sin yín, mo parí ẹ̀rọ náà fúnra mi. Ọ̀pá yẹn fara ti ògiri, mo ní màá rì í tó bá yá. Ẹ̀rọ ṣáà ti ń yí, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. N kò mọ̀ pé etí irin àpótí náà ti ń gé ara wáyà iná díẹ̀díẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màámi fi àkísà olómi nù ún. Igbe kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Kí n tó fa wáyà yọ lára ògiri, wọ́n ti ṣubú.

Wọ́n yè é. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni kò yè é. Àwọn ìka ò lè di nǹkan mú mọ́. Dókítà ní ká máa retí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò retí nǹkan kan. Èmi ni mo ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bi wọ́n, wọ́n ní, "Mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni." Wọn ò bá mi wí rí. Bàámi, kí ni kí n fi ìyẹn ṣe? Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, tí mo sì so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ ibí rọ̀, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Kò gbà mí ju ìdajì wákàtí lọ. Ìdajì wákàtí, Bàámi.

Báyìí, lẹ́tà tí ẹ̀rọ náà ń fín sára pákó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tan án, Màámi á dìde, wọn á fi ọwọ́ òsì wọ́ àga lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní wọlé títí màá fi pa á. Lánàá, mo pa á kí orúkọ tí mo ń fín tó dé ìdajì. Mo lọ jókòó tì wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá, a ń wò wọ́n.

Ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.