Ẹ Dá Àjíǹde Ọkọ Mi Padà

Ilé Kẹrìnlá,
Hartstown,
Dublin 15.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kọkànlá, ọdún 2004.

Ìgbìmọ̀ Àwọn Alàgbà,
Ìjọ Àpáta Ìyè,
Phibsborough,
Dublin 7.

Ẹ̀yin Àgbà Ìjọ,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OHUN TÍ DÍÁKÓNÌ OLÚFÚNṢỌ́ SỌ NÍBI ÌSÌN ÌRÁNTÍ ỌKỌ MI

1. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́.

2. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìlú yìí ni a sin ọkọ mi, Bánjọ, sí. Ìyá rẹ̀ ní Iléṣà kọ̀ jálẹ̀ nígbà náà. Ó ní òkú ìdílé àwọn kì í sùn sájò. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó fọkàn balẹ̀, pé lọ́jọ́ àjíǹde, fèrè tó bá dún ní Iléṣà náà ni yóò dún ní Dublin, Bánjọ á sì dìde. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló jẹ́ kó gbà.

3. Níbi ìsìn ìrántí ọdún kan lóṣù tó kọjá, Díákónì Olúfúnṣọ́, olùkọ́ Bíbélì wa, ló yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ó sọ ìrántí òkú di kíláàsì. Ó ní gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ ìkẹyìn ti ṣẹ láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ará Róòmù wó tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Pé Jésù ti dé, fèrè ti dún, àjíǹde ti kọjá, kí a yéé wojú sánmà.

4. N kò bá a jà lórí tẹ́ḿpìlì. Jésù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì wó. Ṣùgbọ́n Bíbélì kan náà ní kò ní sí ikú mọ́, kò ní sí ẹkún. Omijé wo wá ni mò ń dà láti èṣí? Bí ayé tuntun bá ti dé, kí ló dé tí Díákónì ṣì ń jáde fún àdúrà nítorí orúnkún rẹ̀?

5. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, akọ̀wé ìjọ fi fídíò ìsìn náà ránṣẹ́ sílé ní Iléṣà, kò gé ìwàásù yẹn kúrò. Ìyá ọkọ mi àti gbogbo ẹbí jókòó, wọ́n wò ó. Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò sùn. Ó ní bí fèrè bá ti dún kọjá, irọ́ ni mo pa fún òun. Kí n hú ọmọ òun, kí n gbé e wálé. Ìníolúwa, ọmọ mi, gbọ́ ẹkún rẹ̀ lórí fóònù, ó sì bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá Daddy kò ní dìde mọ́. Ẹni tó ní kí ìyá arúgbó má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ Díákónì nípò olùkọ́ títí ẹ ó fi sọ ohun tí ìjọ yìí gbà gbọ́ ní gbangba. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kó pe Ìyá lórí fóònù níṣojú yín. N kò ní kó purọ́. Bó bá dá a lójú, kó sọ fún ẹni tó bí Bánjọ pé kò sí fèrè kankan tí ọmọ rẹ̀ ń retí. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá lè sọ ọ́, kó tọrọ àforíjì. Bó bá sì sọ ọ́, kó gbé ṣọ́bìrì wá, nítorí èmi nìkan kò lè hú u.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dópin.

Èmi ni, ọmọ ìjọ yín títí di ọjọ́ Àìkú náà,

Mọ́pẹ́ Babáwálé (Ìyáàfin),
Olórí Ẹgbẹ́ Akọrin.