Omi Àpọ̀jù Lórí Ọsàn

Ọjọ́ Àlàmísì, 1991

Ìwé mi, má bínú, ìkọ̀wé mi ò dáa, ọ̀rọ̀ sì ń falẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ojú tì mí lónìí. Àwọn igi ọsàn kéékèèké tí ọkọ mi gbìn sínú ọ̀rá dúdú fún títà, ewé wọn rọ. Mo rò pé òùngbẹ ni. Mo ń bomi sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àṣé gbòǹgbò wọn ti ń rà.

Ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín: “Ìyàwó, ṣé ìrẹsì lo fẹ́ gbìn ni?”

Ọkọ mi ò bínú. Wọ́n kàn ní, “Máa gbé ọ̀rá wò kó o tó bomi. Tó bá ṣì wúwo, fi í sílẹ̀.”

Mi ò lè wojú wọn. Tí wọn ò bá fi ọsàn kankan síkàáwọ́ mi mọ́ ńkọ́…

Ọkọ mi ń pè mí lẹ́yìnkùlé: “Ìyàwó mi, wá gbé èyí wò!” Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé wọ́n ṣì fẹ́ kí n tọ́jú ọsàn.